Ọjọ́ Tí Agogo Dákẹ́ ní Kíláàsì Dókítà Kíákíá

Dókítà ìwé ni Dókítà Kíákíá o, kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́. Ó ti kàwé, kàwé, títí ìwé fúnra rẹ̀ fi ní ó tó. Ohun tó kù kò ju kí wọ́n fún un níṣẹ́ olùkọ́ lọ. Ìmọ̀ dátà ló kọ́, ìyẹn ni pé kéèyàn kó ohun tí wọ́n kà àti ohun tí wọ́n wọ̀n jọ, kó wá tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń wí. Orí rẹ̀ pé. Ẹnu rẹ̀ ló yá jù. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí òjò orí páànù ni, kò sí àlàfo tí èèyàn lè ki òwú bọ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan gba òun àti dókítà mẹ́fà mìíràn sí ẹ̀kọ́ olóṣù mẹ́fà. Kì í ṣe ìṣirò ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀, torí ìṣirò ti wà lágbárí wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi ìmọ̀ dátà kọ́ gbogbo èèyàn: ẹni tó ríran àti ẹni tí kò ríran, ẹni tó gbọ́ràn àti ẹni tí kò gbọ́ràn, ẹni tó kàwé títí àti ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọgbà iléèwé ló máa ń gbà kọjá lọ síbi iṣẹ́.

Obìnrin àgbàlagbà kan, ọ̀jọ̀gbọ́n pátápátá, ni olórí wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tó "Kò yé mi." Bí dókítà kan bá sọ ọ̀rọ̀ ńlá, á ní, "Kò yé mi." Bí ó bá tún un sọ, á ní, "Ó kù díẹ̀ kó yé mi." Ni gbogbo wọn bá ń pè é ní Màmá Kò-Yé-Mi. Wọ́n ní nígbà tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ó ní, "Kò yé mi, fi àpẹẹrẹ gbè é lẹ́sẹ̀."

Màmá Kò-Yé-Mi ní òfin kan. Nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, agogo kékeré kan á wà lọ́wọ́ ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ọ̀rọ̀ kò bá ti yé e, tàbí bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kàn án léjìká pé kò yé òun, kó lu agogo. Olùkọ́ á dúró, á gba ọ̀nà mìíràn. Bí kíláàsì bá parí, wọ́n á pe ẹnì kan wọlé tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ fún un. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ lanu. Bó bá yé àlejò yẹn, olùkọ́ yege, ó di olùkọ́ fún ọdún méjì. Bí kò bá yé e, olùkọ́ á padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dìgbóṣe.

Dókítà Kíákíá fẹ́ iṣẹ́ olùkọ́ yìí bí ẹni òùngbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Ìwé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó tún wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ti iléeṣẹ́ kan tó fẹ́ kó wá jókòó ti kọ̀ǹpútà fún ọdún mẹ́ta, kó máa ka iye ìgbà tí àwọn èèyàn tẹ bọ́tìnnì kan. Ó ti lọ wo yàrá náà. Kò ní fèrèsé. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló wá. Àkọ́kọ́ ni ọkùnrin tó ń dáhùn fóònù nílé ìwòsàn. Kò ríran, ó sì ga bí òpó iná, tó jẹ́ pé ó ní láti tẹ orí ba kó tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ìkejì ni kápẹ́ńtà kan tí kò gbọ́ràn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin bá a wá láti máa fọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Ìkẹta ni bàbá kan tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣọ́ géètì kó tó fẹ̀yìn tì. Ìkẹrin, àfi bí ẹni lálàá, ni Àǹtí.

Aránṣọ ni Àǹtí. Àbúrò ìyá tó bí Dókítà Kíákíá ni, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà.

"Àǹtí! Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Wọ́n ní gbogbo èèyàn ni kó wá. Àbí èmi kì í ṣe èèyàn?"

"Ẹ ò sọ fún mi!"

"Ìwọ tí o ò gbẹ́nu sílẹ̀, ìgbà wo ni mo fẹ́ sọ ọ́?"

Iwájú ni Àǹtí jókòó sí, òun ni Màmá Kò-Yé-Mi sì gbé agogo lé lọ́wọ́. Àǹtí gbà á, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ti agogo bọ inú báàgì rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó tún gbé e jáde. Kò sẹ́ni tó fiyè sí i.

Kíláàsì bẹ̀rẹ̀. Dókítà Kíákíá mọ gbogbo òfin bí wọ́n ṣe ń kọ́ gbogbo èèyàn lórí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù bà á, gbogbo òfin náà sì fò lọ bí ẹyẹ tó rí ològbò. Ó tan ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri. "Bí ẹ ṣe ń wò ó yìí," ó ń sọ fún ẹni tí kò ríran, "pupa yìí ga ju búlúù yẹn lọ." Ọkùnrin fóònù rọra ń mi orí. Ọwọ́ àbúrò kápẹ́ńtà ń lọ sókè sódò bí ọwọ́ ẹni tí oyin ń ta. Nígbà tó yá, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń sinmi. Kápẹ́ńtà wo ògiri, ó wo ẹnu Dókítà, ó gbé àgbọ̀n lé àyà, ó sùn. Bàbá Géètì jókòó ṣánṣán, ó lajú sílẹ̀ kedere. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣọ́ géètì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lajú sùn.

Agogo kò dún. Wákàtí kan kọjá, kò dún. Inú Dókítà Kíákíá ń wú bí búrẹ́dì. Lójú fèrèsé, ó rí Dókítà Ẹ̀fọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ torí pé ẹ̀fọn ló fi ọdún márùn-ún kà kó tó gboyè. Lánàá, ìgbà mẹ́tàdínlógún ni wọ́n lu agogo fún un. Dókítà Kíákíá fi ìka méjì ṣe òdo sí i láti inú kíláàsì. Òdo! Ẹ̀fọn di orí mú.

Nígbà tó parí, wọ́n pe obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ̀nà àárín ilé náà wọlé. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó jókòó, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni wọ́n kọ́ yín?"

Wọ́n wo ojú ara wọn.

"Wọ́n kọ́ wa..." Bàbá Géètì tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Wọ́n kọ́ wa ní pupa."

"Pupa?" ni ọkùnrin fóònù wí. "Èmi rò pé ohun kan ló ga."

"Pupa náà ló ga."

"Kí ni pupa ń wá lókè?"

Kápẹ́ńtà fọwọ́ sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ní òun lá àlá tó dáa, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ìyẹn."

Agbálẹ̀ yíjú sí Àǹtí. "Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?"

"Háà, ohun tó kọ́ wa pọ̀!" ni Àǹtí wí. "Ọmọ yìí mọ̀wé! Láti kékeré ló ti ń ka ohun gbogbo tí wọ́n bá fi pọ́n nǹkan."

"Mo gbọ́ pé ó mọ̀wé. Kí ló wí?"

"Ó wí i dáadáa."

Bí ilẹ̀ bá lanu, Dókítà Kíákíá ì bá wọ̀ ọ́. Màmá Kò-Yé-Mi dìde láti ẹ̀yìn, ó mú agogo lọ́wọ́ Àǹtí, ó mì í. Pù. Ó tún mì í. Pù, pù. Ó gbé ẹnu agogo sókè, ó wò ó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

Wọ́n ti rán fìlà fún ahọ́n agogo.

Kì í ṣe pé wọ́n fi àkísà wé e lásán o. Fìlà gidi ni, tó ní ìṣẹ́tí, tí wọ́n fi òwú funfun ká létí, tí wọ́n sì fi okùn tín-ín-rín so mọ́ ahọ́n lọ́rùn kó má baà bọ́. Aránṣọ kan rí agogo, abẹ́rẹ́ àti òwú wà nínú báàgì, kó tó di pé olùkọ́ tan ẹ̀rọ, iṣẹ́ ti parí.

Gbogbo ojú yí sí Àǹtí. Àǹtí ń wo àjà ilé.

"Iṣẹ́ yìí mọ́ dáadáa," ni Màmá Kò-Yé-Mi wí. Ó wo Àǹtí, ó wo Dókítà, ó wo fìlà. "Ó yé mi. Ó yé mi pátápátá."

Bàbá Géètì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Agbálẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọkùnrin fóònù ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ògiri dì mú. Wọ́n jí kápẹ́ńtà, wọ́n fi hàn án. Kápẹ́ńtà wo ìránṣọ náà fínnífínní, ó na àtàǹpàkò sókè. Dókítà Kíákíá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ọjọ́ mẹ́jọ," ni Màmá Kò-Yé-Mi sọ fún un. "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Agogo kan náà. Láìdé fìlà."

Níta, Dókítà Ẹ̀fọn ti dúró dè é. Ó fi ìka méjì ṣe òdo. "Òdo!"

"Ẹ̀fọn, fi mí sílẹ̀."

"Mo ti fi ọ́ sílẹ̀ kẹ̀? Wọ́n lu agogo fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún, mo ń sunkún délé, mi ò mọ̀ pé orin ni. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Agogo tìrẹ ò bèèrè, gbogbo wọn bá sọnù sínú pupa."

Ó fẹ́ bínú. Dípò ìyẹn, ẹ̀rín àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà já gbà á lẹ́nu.

Nírọ̀lẹ́, ó gba ṣọ́ọ̀bù Àǹtí lọ. Àǹtí wà nídìí máṣíìnì, ó ń rán, kò gbójú sókè.

"Àǹtí, èéṣe?"

"Èéṣe kí ni?"

"Fìlà."

"Ìwọ náà gbọ́ ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Kí n máa lu agogo lé ọ lórí, lójú gbogbo ayé! Èmi tí mo fi ariwo máṣíìnì yìí rẹ̀ ọ́ sùn, kí n máa já ọ lẹ́nu, gbàn-gàn, gbàn-gàn, bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko? Ọmọ ẹni ò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Mi ò lè ṣe é."

"Kí ló yé yín gan-an nínú gbogbo ohun tí mo sọ?"

Àǹtí ro ó. "'Ẹ káàárọ̀.' Ìyẹn yé mi."

"Lẹ́yìn ìyẹn?"

"'Ẹ ṣeun, ó dàbọ̀.'"

"Kí lẹ wá ń mi orí sí láàárín méjèèjì?"

"Kí ọrùn mi má baà gan."

Dókítà Kíákíá jókòó sórí àpótí. "Àǹtí, ẹ gbọ́. Bí ẹ bá tún ràn mí lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ràn mí lọ́wọ́ yẹn, yàrá tí kò ní fèrèsé ni mò ń lọ. Ọdún mẹ́ta. Àga kan."

Máṣíìnì dúró. "Àga kan? Ta lo máa wá bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́ni."

Àǹtí wò ó lẹ́nu. Ó ro ti ẹnu yẹn nínú yàrá tí kò sẹ́ni. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, wàá fi ọ̀rọ̀ ya ògiri," ló wí. "Ó dáa. A ó lu agogo."

"Ẹ máa lù ú lóòótọ́?"

"Mo ní a ó lù ú. Ìwọ lo fẹ́ o."

Àǹtí dìde láti wá aṣọ oníbàárà kan. Ó ń fọwọ́ tú ìdìpọ̀ ọ̀já kan tó rọ̀ sórí ìṣó. Dókítà Kíákíá ti ń rí ìdìpọ̀ yẹn láti ìgbà tó ti ń rákò, kò sì wò ó rí. Àǹtí kì í kọ ìwọ̀n sílẹ̀, ó ní ìwé máa ń sọnù, àkísà kì í sọnù. Ọ̀já kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti oníbàárà kan, kókó kan fún èjìká, kókó kan fún apá, kókó kan fún ìbàdí. Àǹtí kò tilẹ̀ wò wọ́n. Ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ìka rẹ̀ ń rìn lórí kókó. "Èyí kọ́. Èyí ti ìyàwó oníbúrẹ́dì ni. Èyí kọ́. Èyí ti ọkùnrin báńkì tó ń fa ikùn sínú nígbà tí mò ń wọ̀n ọ́n, mo ti fi ìka mẹ́rin kún un. Òun nìyí!"

Dókítà Kíákíá ti dìde dúró. "Àǹtí! Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò mọ dátà!"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n nìyí."

"Ìwọ̀n náà ni! Ìwọ̀n náà ni, Àǹtí!" Ó di Àǹtí mọ́ra, òun àti ọ̀já àti gbogbo rẹ̀, ó ń fò sókè sódò láàárín ṣọ́ọ̀bù. Píìnì méjì gún un. Kò mọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Dókítà Kíákíá kò gbé ẹ̀rọ wá. Okùn gígùn kan ló fà láti ògiri dé ògiri, ó gbé ìdì aṣọ tó kù ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí sórí tábìlì. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀. Lónìí, a fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ìpínkiri—"

Gbàn-gàn!

Gbogbo èèyàn fò sókè. Àǹtí gan-an fò. Ó wo agogo lọ́wọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó rí owó he.

"Ó dùn," ló wí.

"Kí ni kò yé yín, Àǹtí?"

"Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé 'ẹ káàárọ̀'."

"A fẹ́ wọn apá gbogbo wa, ká wo bó ṣe yàtọ̀ síra."

"Ìyẹn yé mi. Kí ló dé tí o ò tètè sọ bẹ́ẹ̀?"

Láti ìgbà náà lọ, ẹ bá mi wá ẹni tó máa gba agogo lọ́wọ́ Àǹtí. Ó lù ú fún ọ̀rọ̀ ńlá, ó lù ú fún ọ̀rọ̀ kékeré. Ó lù ú nígbà tí Dókítà yára, ó sì lù ú nígbà tí Dókítà sín. Bàbá Géètì kò tilẹ̀ ń fọwọ́ kàn án léjìká mọ́, orúkọ ló ń pè: "Aránṣọ, lù ú fún mi!" Kápẹ́ńtà ń gbá tábìlì. Ọkùnrin fóònù ń fi ẹnu ara rẹ̀ dún bíi fóònù, "Kírín-kírín! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ yẹn padà wá." Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí agogo bá dún, Dókítà Kíákíá á dúró, á wá ọ̀nà mìíràn. Nígbà tó di ìgbà ogún, ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó ń rìn, kò sáré mọ́. Àbúrò kápẹ́ńtà ń túmọ̀, ó tún ráyè họ imú.

Àǹtí wọn apá olúkúlùkù láti èjìká dé orí ìka, ó gé ọ̀já tó bá a mu. Olúkúlùkù so àmì tirẹ̀ mọ́ ọn: bọ́tìnnì fún ọkùnrin fóònù, èrúnrún igi fún kápẹ́ńtà, kọ́kọ́rọ́ fún Bàbá Géètì. Wọ́n fi ọ̀já kọ́ sórí okùn, èyí tó kúrú jù lápá kan, èyí tó gùn jù lápá kejì. Ọkùnrin fóònù ń rìn lọ lábẹ́ okùn, ọwọ́ rẹ̀ ń kan ìdí ọ̀já lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó ń gùn sí i. Ó ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀. Ó dọ́gba díẹ̀ níbí, àwọn bíi mẹ́rin kó jọ... Yéè! Ta lèyí tó fẹ́ kan ilẹ̀?"

"Ẹ fọwọ́ wo àmì rẹ̀."

Ó fọwọ́ wò ó. Bọ́tìnnì. "Èmi nìyí," ló wí. "Ẹ wò mí o. Gbogbo ayé ti ń sọ pé mo ga, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i."

"Nísinsìnyí," ni Dókítà Kíákíá wí, "a fẹ́ wá ìpíndọ́gba. Ká gé èkejì ọ̀já kọ̀ọ̀kan, kí ti orí okùn lè dúró, ká rán àwọn èkejì pọ̀ di ọ̀kan, ká wá ká a sí ọgbọọgba, iye ìgbà tí a jẹ́."

Gbàn-gàn! "Èèyàn mélòó ni wá?" ni Àǹtí bèèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, àbúrò kápẹ́ńtà, Dókítà, àti Ẹ̀fọn tó ti yọ́ wọlé wá wòran, tí wọ́n sì ti fà á lápá wọ̀n. "Méje! Ta ló ń ká aṣọ sí ọ̀nà méje? Fún mi ní mẹ́jọ. Mẹ́jọ ni kéèyàn ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó parí."

Gbogbo ojú yí sí ẹ̀yìn yàrá, síbi tí Màmá Kò-Yé-Mi ti ń fi ìwé bojú.

"Èmi kọ́ o," ni Màmá Kò-Yé-Mi wí. "Èmi wá ṣàyẹ̀wò ni."

"Wọ́n ní gbogbo èèyàn," ni Àǹtí wí. Ó ti mú ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ti ń wọ̀n ọ́n.

Wọ́n gé èkejì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n rán wọn pọ̀, ọ̀já náà yí yàrá ká. Wọ́n ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àǹtí na ohun tó kù sókè, ó nípọn, ó gùn tó apá èèyàn. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó wá lu agogo jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré.

"Dókítà. Apá ta nìyí?"

"Ẹ fi wọ̀n wọ́n, Àǹtí."

Ó fi wọn kápẹ́ńtà, ó kúrú. Ó fi wọn àbúrò rẹ̀, ó gùn. Bàbá Géètì, ó gùn díẹ̀. Ẹ̀fọn, ó kúrú díẹ̀. Ó yí gbogbo ilé po, kò bá ẹnì kankan mu.

"Ẹ dúró!" Ọkùnrin fóònù gbá àyà. "Ẹ̀wù iṣẹ́ tí wọ́n rán fún gbogbo wa nílé ìwòsàn! Apá rẹ̀ dúró sí ìgúnpá mi! Ó sì bo ìka akọ̀wé wa mọ́lẹ̀. Ẹni yìí ni wọ́n rán an fún!"

"Ẹni tí kò sí," ni Àǹtí wí.

Kápẹ́ńtà fọwọ́ sọ̀rọ̀ gìrìgìrì. Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ní bí òun bá kan àga kan ṣoṣo fún ìpíndọ́gba, gbogbo ayé á dúró lórí ìnàró."

"Ṣé irọ́ ni ìpíndọ́gba ń pa nígbà náà?" ni Bàbá Géètì bèèrè.

"Kò purọ́, Bàbá," ni Dókítà Kíákíá wí, ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. "Ó sọ ohun tí gbogbo apá wa jẹ́ bí a bá pín in dọ́gba. Tí ẹ bá ń ra aṣọ fún èèyàn mẹ́jọ, ó sọ iye tí ẹ máa rà. Àmọ́ kò lè sọ bí ẹ ṣe máa gé e. Ìyẹn, orí okùn ni kí ẹ ti lọ wò ó."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀, kò sẹ́ni tó lu nǹkan kan.

Ìgbà mẹ́tàlélógójì ni agogo dún. Màmá Kò-Yé-Mi kà á sínú ìwé, ó sì jáde lọ wá àlejò. Ó padà dé pẹ̀lú awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé, ọkùnrin kúkúrú kan tí kọ́kọ́rọ́ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń bínú.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ní," ló wí. "Èrò ń dúró dè mí. Kí lẹ rí?"

Dókítà Kíákíá mọ ara rẹ̀. Ó mú èékù aṣọ kan, ó fi di ẹnu, ó tún jókòó lórí ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

Bàbá Géètì bẹ̀rẹ̀. "Ìpíndọ́gba ni pé gbogbo èèyàn dọ́gba."

Ojú Dókítà Kíákíá fẹ́ yọ jáde. "Mmmm!"

"Olùkọ́," ni Màmá Kò-Yé-Mi wí.

Kápẹ́ńtà ti ń mi orí, ó ti fa awakọ̀ lọ́wọ́ dé abẹ́ okùn. Wọ́n wọn apá rẹ̀, wọ́n fi ibi tó bọ́ sí hàn án láàárín àwọn tó kúrú. Ọkùnrin fóònù ní kó dijú, kó fọwọ́ tọ́ ìdí àwọn ọ̀já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n gbé ọ̀já tí wọ́n ṣẹ́ po lé e lápá, ó kọjá ìka rẹ̀.

"Ó gùn jù," ni awakọ̀ wí. "Kò kàn mí. Kò yé mi."

Dókítà Kíákíá wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù. Ó rí yàrá kan níwájú rẹ̀, ó rí àga kan.

"Ẹ fún mi láàyè," ni Àǹtí wí. Ó gbé agogo sílẹ̀. Ó dúró níwájú awakọ̀, ọwọ́ ní ìbàdí. "Ẹ̀yin, ìka ọwọ́ yín, ṣé ó dọ́gba?"

"Rárá."

"Bí ẹnì kan bá wọ̀n wọ́n, tó pa márààrún pọ̀, tó tún pín in sí márùn-ún, á rí ìka kan. Á ní ìka yín nìyí. Á lọ rán ìbọ̀wọ́ fún yín, gbogbo ìka rẹ̀ á bá ìka yẹn mu. Ṣé ìbọ̀wọ́ náà á wọ̀ yín?"

"Àtàǹpàkò mi á sọnù sínú rẹ̀! Èyí tó gùn jù kò sì ní..." Awakọ̀ wo ìka ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kò dún mọ́. "Ẹ dúró. Ẹ dúró ná. Pa á pọ̀, kí ẹ pín in?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èèyàn méjìdínlọ́gọ́ta ló ń rọ́ wọ bọ́ọ̀sì mi láàárọ̀. Wọ́n ń rọ̀ mọ́lẹ̀kùn! Lọ́sàn-án, èèyàn méjì péré. Àga ogójì ni mo ní. Mo ní kí wọ́n fún mi ní bọ́ọ̀sì kejì láàárọ̀, ọ̀gá mi ṣí ìwé, ó ní, 'Lílọ kọ̀ọ̀kan, ọgbọ̀n èèyàn lò ń gbé, kí lo fẹ́ fi bọ́ọ̀sì kejì ṣe?' Ọdún méjì ni mo ti ń wá ọgbọ̀n èèyàn yẹn! Mi ò rí wọn rí! Méjìdínlọ́gọ́ta àti méjì, ó pa wọ́n pọ̀, ó pín wọn!"

"Kò yé mi," ni Màmá Kò-Yé-Mi wí láti ẹ̀yìn.

Awakọ̀ yíjú sí i tìbínú-tìbínú. "Kí ni kò yé yín, Màmá? Ìpíndọ́gba ni! Òótọ́ ni ọgbọ̀n, àmọ́ kò sí ọjọ́ tí ọgbọ̀n wọ bọ́ọ̀sì mi rí! Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín!" Ó fa ọ̀já lọ́wọ́ Àǹtí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ po fún ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò.

Màmá Kò-Yé-Mi tẹ́tí sí i dé òpin. Ó wá mú gègé, ó kọ nǹkan kan sínú ìwé, ó ya ojú ewé náà, ó gbé e fún Dókítà Kíákíá. "Ọjọ́ ajé," ló wí. "Kíláàsì rẹ wà lápá òsì, lókè. Fèrèsé mẹ́rin ló ní."

Dókítà Kíákíá fẹ́ dúpẹ́, ó ti gbàgbé pé aṣọ wà lẹ́nu òun. Ohun tó jáde kò yé ẹnikẹ́ni. Àǹtí ní, "Ó ní ẹ ṣeun." Kápẹ́ńtà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jù wọ́n bí ewé nínú afẹ́fẹ́. Bí àwọn tí kò gbọ́ràn ṣe ń pàtẹ́wọ́ nìyẹn, àbúrò rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn, gbogbo ilé sì gbọ́wọ́ sókè. Ọkùnrin fóònù gbé tirẹ̀ sókè, ọwọ́ rẹ̀ kan àjà.

Awakọ̀ ti jáde ná. Ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀ ló kọrí sí, ọ̀já alápá mẹ́jọ lórí èjìká. "Ọgbọ̀n dà?" ló ń kígbe lọ lọ́nà àárín ilé. "Kí wọ́n mú ọgbọ̀n jáde!" Bàbá Géètì ń sáré tẹ̀ lé e, ó ní òun mọ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn. Àǹtí tẹ̀ lé Bàbá Géètì torí pé ọ̀já òun ni wọ́n ń gbé lọ. Ẹ̀fọn di ọkùnrin fóònù lọ́wọ́ mú, wọ́n tẹ̀ lé Àǹtí, Dókítà Kíákíá àti kápẹ́ńtà sì gbẹ̀yìn.

Nídìí bọ́ọ̀sì níta, èrò tó ń dúró rí wọn tí wọ́n ń kọjá lọ. Obìnrin kan fa Dókítà Kíákíá lápá. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀? Awakọ̀ wa dà?"

Dókítà Kíákíá fa aṣọ yọ lẹ́nu. Ó la ẹnu. Kó tó dún, kápẹ́ńtà ti gba ọwọ́ obìnrin náà, ó ti ń wọ̀n ọ́n. Dókítà Kíákíá pa ẹnu dé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ó ń wò wọ́n, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n léjìká.